Ewé Tí A Kò Gbọdọ̀ Dárúkọ

Sókẹ́ẹ̀tì kan ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́. Òwúrọ̀ Sátidé ni, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo Ìkòsí tutù. Ọkọ mi, Bàbá Ṣèyí, jókòó sórí àpótí níwájú ògiri pálọ̀ wa, ó fẹ́ de sókẹ́ẹ̀tì tó ti ń mì láti ìgbà pípẹ́. Oníṣẹ́ iná ni. Ó lè de nọ́ọ̀tì nínú òkùnkùn, kó sì tún máa bá ènìyàn jiyàn bọ́ọ̀lù lẹ́nu kan náà. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnu sukudiráfà rẹ̀ kò rí ojú nọ́ọ̀tì. Ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ súwẹ́tà ni èmi wọ̀. Mo ní, "Bàbá Ṣèyí, kí ló dé?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n tan iná." Gílóòbù ń tàn lókè orí rẹ̀.

Mò ń kọ èyí fún ẹni tó bá ní aláìsàn àtọ̀gbẹ nílé. Aránṣọ ni mí, aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán. N kì í ṣe dókítà, n kò sì ní ṣe bíi dókítà, nítorí àwọn tó ń ṣe bíi dókítà ti pọ̀ jù ní àdúgbò wa, àwọn náà ló sì fẹ́ sọ mí di opó. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń ta, ẹ má bínú. Ó ta èmi náà kí n tó kọ ọ́.

Àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í ṣe àìsàn àwọn tó ń lá oyin. Oúnjẹ tí a bá jẹ, ìbáà ṣe ìrẹsì, ìbáà ṣe ẹ̀bà, ṣúgà ni ara ń sọ ọ́ dà kó lè rí agbára fi ṣiṣẹ́. Omi ara kan wà tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà yìí láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí omi náà bá dín kù, tàbí tí ara kò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, yóò máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ní ilé-ìwòsàn nìyẹn nígbà tí wọ́n rí i lára ọkọ mi. Oríṣi wóró oògùn méjì ni wọ́n fún un. Iṣẹ́ èyí tó kéré nínú méjèèjì ni kó fipá mú ara tú omi náà jáde. Ó ń lò wọ́n, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀. Kí ló wá kù? Kí gbogbo ayé gbọ́, kí wọ́n sì wá bá wa tọ́jú rẹ̀.

Àǹtí Síkírá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló kọ́kọ́ dé láti Kétu. Ìgò omi dúdú kan ló gbé wá, ó fi láílọ́ọ̀nù wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ó ní kí àbúrò òun máa mu ìdajì ife ní àràárọ̀ kí ó tó fi ẹnu kan nǹkan. Mo béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wá wo ojú tó fi wò mí.

"Ìyàwó, ṣé wọ́n máa ń pe orúkọ ewé níwájú aláìsàn nílé tiyín ni?"

Àṣà ìdílé wọn ni. Ẹni tó bá já ewé kì í dárúkọ rẹ̀ létí ẹni tó máa mu ún. Wọ́n ní bí aláìsàn bá ti gbọ́ orúkọ ewé, àìsàn náà ti gbọ́ nìyẹn, yóò sì wá ibi sá sí. Ìyá wọn ṣe é bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá wọn ṣe é bẹ́ẹ̀. N kò tíì rí ìran tó mọ ewé fi pamọ́ bíi tiwọn, bẹ́ẹ̀ wọn kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn pamọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹnìkejì ni Uncle Dẹ̀jọ, tí ilé rẹ̀ àti tiwa jọ pín ògiri kan. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ lórí fóònù ní àárọ̀, bó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ni òun gbé wá nínú agolo wàrà.

"My brother, ṣíbí kan nínú ògì, morning and night. Natural ni, kò ní side effect kankan."

Mo ní, "Uncle, kí ni wọ́n gún?"

"Ah-ah, Mummy Ṣèyí! Formula mi nìyẹn o. Mo ṣì fẹ́ lọ register ẹ̀."

Ọkọ mi náà kò sì fẹ́ kí wọ́n yọ òun sílẹ̀ nínú ìwòsàn ara òun. Ilé kan tí wọn kò kọ́ parí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ejìnrìn sì ti gba gbogbo ògiri rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, okùn gbígbẹ lásán lẹ máa rí níbẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ kàn rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ó ti hù padà, ó ti na ọwọ́ tín-ín-rín bíi fọ́nrán òwú, ohun tó bá kàn ló ń lọ́ mọ́: irin, wáyà, títí dé okùn tí mo ń sá aṣọ sí. Ewé rẹ̀ là bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé tó na ìka. Bí ẹ bá rún un, òórùn rẹ̀ á gún yín nímú. Kò pẹ́ sí i, òdòdó á yọ, kékeré, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi pupa ẹyin. Èso rẹ̀ ní kókó-kókó lára. Bó bá gbó tán, á pọ́n bí ọsàn, á là fúnra rẹ̀, kóró pupa á sì yọjú láàárín.

Ìyá mi máa ń fi ewé yìí wẹ̀ fún wa bí ara bá ń yún wa. Ó fi ń wo ibà, ó fi ń lé aràn. Àmọ́ kì í jẹ́ kí aboyún sún mọ́ ọn, ó ní ó lè ba oyún jẹ́. Àwọn àgbà tún mọ̀ ọ́n sí ewé àtọ̀gbẹ, òótọ́ ni wọ́n sì mọ̀, ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Kíkorò rẹ̀ ni kò ṣe é sọ. Ọkọ mi gbọ́ lórí rédíò pé ìgbà tó bá ń tanná gan-an ni agbára rẹ̀ máa ń pọ̀. Ló bá ń jí, ló ń lọ sídìí ògiri, ló ń já ewé tòdòdó-tòdòdó, ló ń rún un lẹ́nu ní tútù. Mo máa ń kí i láti ojú fèrèsé pé, "Ẹ kú oúnjẹ o, òbúkọ." Ó á fèsì pé ẹni tó bá ń tọ ọ̀nà púpọ̀ lọ sọ́jà kan náà kò ní pẹ́ dé.

Ó kù díẹ̀ kó dé lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí sókẹ́ẹ̀tì. Ariwo mi ló mú Uncle Dẹ̀jọ sáré wọlé. Kò fọwọ́ kan aláìsàn, kò bi í ní nǹkan kan, ó kàn wo òógùn tó ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Ṣúgà ẹ̀ ti shoot up!" Bí Ọlọ́run ṣe ṣe é, Àǹtí Síkírá náà wọlé, nítorí ó ti wá kí àbúrò rẹ̀ lọ́nà ọjà Mile 12. Mo ti gbé tíì kaná nígbà náà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọkùnrin yìí kò tíì jẹun láàárọ̀, bóyá ebi ló ń pa á. Bí mo ṣe bu ṣúgà báyìí ni Uncle Dẹ̀jọ gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.

"Mummy Ṣèyí, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Ṣúgà fún oní-ṣúgà!"

Àǹtí Síkírá ti ṣí ìgò ní tirẹ̀. Kì í ṣe ìdajì ife ló bù lọ́tẹ̀ yìí, ife kún. Ọkọ mi mu ún tán bí ọmọ tí wọ́n ń rọ lágbo. Kò pẹ́ tí ọrùn rẹ̀ fi rọ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkankan nínú ojú náà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé bàtà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá la gbé e sí, èmi ní ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òsì, Uncle Dẹ̀jọ jókòó ti awakọ̀, ó ń júwe ọ̀nà tí awakọ̀ mọ̀ jù ú lọ, títí a fi dé ilé-ìwòsàn kan ní apá Ògùdù.

Nọ́ọ̀sì gún ìka rẹ̀, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré kan. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà, kò gbà á gbọ́, ó gún ìka mìíràn. Ó wá yíjú sí mi.

"Mummy, ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Kò ga rárá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn."

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù nìyí. Gbogbo wa la máa ń bẹ̀rù kí ṣúgà má ga, a kì í rántí pé ó lè jábọ́. Ṣúgà tó ga máa ń ba ara jẹ́ pẹ̀lú sùúrù. Ṣúgà tó jábọ́ kò ní sùúrù, nítorí ọpọlọ kò ní oúnjẹ mìíràn tó lè fi dípò rẹ̀ kíákíá. Ọwọ́ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, òógùn tútù á bo ènìyàn, àyà á máa lù kìkì, ebi òjijì á dé. Lẹ́yìn náà, ó á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ bí ẹni tó mutí. Bí kò bá rí ìrànlọ́wọ́, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Bí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣúgà tàbí ohun mímu dídùn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kó má bàa gba ọ̀fun òdì. Ẹ sáré gbé e lọ ni. Ṣíbí tí Uncle Dẹ̀jọ gbà lọ́wọ́ mi yẹn, òun gan-an ni oògùn.

Wọ́n fi omi ṣúgà sí i láti inú iṣan apá. Ojú mi ló ṣe: ẹni tó ti ń lọ padà bọ̀ bí ìgbà tí NEPA bá dá iná dé. Ó wò yíká, ó ní, "Sókẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́?" Mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Uncle Dẹ̀jọ ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ni," bí ẹni pé òun ló gbé omi náà kọ́.

Wọ́n ní ká bọ́ síta, ká jókòó. Bẹ́ǹṣì onírin ni, ó tutù, ó sì gùn, gbogbo ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ ló ń wo ilẹ̀kùn kan náà. Obìnrin kan ń fún ọmọ lọ́yàn, ọkùnrin kan ti sùn lé èjìká mi, n kò mọ̀ ọ́n rí. Uncle Dẹ̀jọ ń ṣàlàyé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn tí kò bi í. Àǹtí Síkírá ń fa tẹ̀súbáà. Kò wo ojú mi.

Ọ̀sán ni ṣúgà ọkọ mi tún já wálẹ̀, tí òun náà tún ń lọ. Gbogbo omi ṣúgà tí wọ́n fi sí i, ó ti gbẹ lára rẹ̀ bí omi tí a dà sórí iyanrìn. Dókítà tó jáde sí wa kò ju ọmọ mi Ṣèyí lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

"Kí lẹ fún wọn mu? Tablet wọn nìkan kò lè ṣe èyí."

Mo ní ìgò wà, mo ní agolo wà, mo ní n kò mọ ohun tó wà nínú méjèèjì. Mo nàka sí àwọn tó mọ̀ ọ́n. Uncle Dẹ̀jọ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ láti àárọ̀, ń wo àjà.

Dókítà ní, "Mummy, ewé wo ni?"

Àǹtí Síkírá ní, "Ewé ilé wa ni."

"Ewé ilé yín wo? Tó bá jẹ́ èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ńkọ́? Mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mò ń bá jà. Ẹ̀yin alágbo sha!"

N kò fẹ́ràn ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń bẹ ènìyàn kó sọ òótọ́ kì í kọ́kọ́ bú u. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kò gba ìjà méjì, mo sì ti yan èyí tí mo máa jà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn! Wọ́n ti gbọ́ orúkọ àìsàn, wọ́n ti gbọ́ orúkọ aláìsàn, ewé nìkan ni ọba tí a kò gbọdọ̀ pè? Tí àbúrò yín bá kú, ta lẹ máa fi ewé náà wò?"

Ó ní, "Ìyàwó, tí mo bá pè é, kò ní wò ó sàn mọ́." Omi ti yọ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe agídí lásán. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn pé ẹnu òun lè pa àbúrò òun.

Dókítà fa kọ́tìnì tó wà lójú ilẹ̀kùn sẹ́yìn. Gìrì ti mú ọkọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta bẹ́ẹ̀dì gbà gbà gbà, ehín rẹ̀ ń jẹ ara wọn, nọ́ọ̀sì méjì sì ń dì í mú. Àǹtí Síkírá pariwo orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ní kékeré. Ó dìde, tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di etí dókítà mú bí ẹni fẹ́ fà á, ó sì sọ ọ́ sínú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí aláìsàn má bàa gbọ́.

Dókítà pa dà sọ ọ́ sókè: "Ejìnrìn?"

Uncle Dẹ̀jọ gbójú sílẹ̀ láti òkè àjà. "Ejìnrìn kẹ̀? Ejìnrìn lèmi náà gún!"

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ejìnrìn inú ìgò, ejìnrìn inú agolo, ejìnrìn ara ògiri tó ń jẹ ní tútù, àti wóró dókítà lórí gbogbo rẹ̀. Ewé tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé fún mi, èyí tí ẹnìkejì fẹ́ lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, òun náà ni mò ń fà kúrò lórí okùn ìsáṣọ mi lójoojúmọ́. Kò sí ewúrẹ́ kan ní Ìkòsí tí kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí ewúrẹ́ mọ̀ ni àwọn àgbàlagbà méjì ń fi pamọ́ fún ara wọn, tí ẹni tó ń mu ún ń sáré lọ sínú ikú.

Kò sí ẹni tó bú wa mọ́. Dókítà ṣàlàyé pé iṣẹ́ kan náà ni ejìnrìn àti wóró náà ń ṣe, wọ́n sì ti jọ fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní àwọn kò ní yọ omi ṣúgà lára rẹ̀ títí agbára gbogbo wọn yóò fi tán, nítorí wọn kì í tètè jáde lára. Wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí ewu níbẹ̀. Wọ́n sì ń gún ìka rẹ̀ léraléra, títí gbogbo ìka rẹ̀ fi ń ro ó, tó ń bẹ wọ́n pé iṣẹ́ ọwọ́ lòun ń ṣe jẹun.

Ọkọ mi padà sílé. Èmi rò pé ẹni tó bá ti dìde ti dìde nìyẹn, àmọ́ ìwòsàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, orí ń fọ́ ọ, ó ń gbàgbé ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Títí di òní, kò rántí Sátidé yẹn. Ẹ̀rù àkàbà ń bà á; ó á gbé e ti ògiri, á kan ẹsẹ̀ mọ́ ọn, á tún gbé e sílẹ̀. Wọ́n gba wóró kékeré náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní òmíràn tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Uncle Dẹ̀jọ ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìwòsàn orúnkún báyìí. Ọlọ́run má jẹ́ kí orúnkún dùn mí.

Mo ti gbọ́ oríṣi òmùgọ̀ méjì lórí ọ̀rọ̀ ewé. Ọ̀kan á ní koríko lásán ni, kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ìkejì á ní ewé ni, kò lè pa ènìyàn lára. Kí àwọn méjèèjì wá bá mi ní Ìkòsí. Ohun tó lè fa ṣúgà wálẹ̀ lè fà á kọjá ilẹ̀. Ejìnrìn kò ṣẹ̀ mí, ó kàn ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Àgọ́ ara yìí ni mo wá ń bẹ̀rù, ara tó gba gbogbo ohun tí a dà sí i láìjiyàn, tó ń sọ fún wa pẹ̀lú òógùn àti gbígbọ̀n pé ó ti tó, ó ti tó. Mo dúpẹ́ pé ó tún dárí jì wá.

Àǹtí Síkírá kò wá sílé wa fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ó ń sọ ní Kétu pé òun ti ba oògùn ìyá òun jẹ́. Mo gbọ́, n kò ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ejìnrìn gbẹ lórí ògiri. Òjò àkọ́rọ̀ tún bọ̀, ó tún hù, ó tún tanná. Ikọ́ ń ṣe ọkọ mi lọ́sẹ̀ náà. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti ẹnu géètì, ó ròkè débi pé àwọn ará ìta dúró wò.

"Ìyàwó! Efinrin nìyí o! Efinrin àti oyin díẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn nínú ẹ̀! Ikọ́ àbúrò mi ni mo sè é fún!"

Mo jáde. Àǹtí Síkírá ló dúró síbẹ̀, ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi nǹkan kan wé e.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ní tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́?"

"Kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, mo mọ̀," ni ó wí. "Kó má ṣiṣẹ́. Kó ṣáà wà láàyè. Oyin ló wà níbẹ̀ yẹn, pe dókítà yẹn kóo bi í tó bá lè mu ún."

Gbogbo èébú tí mo ti tọ́jú dè é láti ọdún tó kọjá wà lẹ́nu mi. Mo kúnlẹ̀ sínú omi òjò, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ìgò náà.